Atukọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Búrẹ́dì tí mo rà ní Ìgàndò lóṣù tó kọjá lé ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, kò sì gùn ju apá mi lọ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Mo gbé e dání, mo ń yí i wò bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n fi ìyókù rẹ̀ pamọ́ sí. Ọmọbìnrin tó ń tà á ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa rà á ni àbí ẹ fẹ́ máa gbé e jó?" Mo rà á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ẹ̀gbẹ́dá, ìwọ̀nba náírà díẹ̀ ni odindi búrẹ́dì, á gbóná débi pé ọ̀rá tí wọ́n fi wé e á máa làágùn, àwa mẹ́ta á sì jẹ ẹ́ yó. Owó tí kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìdímù, irú rẹ̀ ni mo fi ń san owó yàrá oṣù mélòó kan láyé ìgbà náà.

Tẹlifóònù nìkan ló yí padà sí rere. Ọmọ ọmọ mi ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó nítorí kí wọ́n lè jọ rẹ́rìn-ín lásán. Nígbà tiwa, kí n tó pe ìyàwó mi láti Èkó, mo gbọ́dọ̀ ti fi ebi pa ara mi díẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ pariwo débi pé gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi á mọ ohun tí mo jẹ láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó rọrùn láti sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ń tì mí lójú, ó sì ti ń tì mí lójú láti ìgbà tí gbogbo irun orí mi ṣì dúdú.

*

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé tí a sì ń sọ Faransé ní ọ́fíìsì. Mo lọ sí yunifásítì lọ́dọ̀ wa, mo ka lítíréṣọ̀. Nígbà tí mo jáde, ìjọba kò rí owó oṣù san fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ká má tiẹ̀ wá sọ ti èmi tó ń wá iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Àyọ̀ká níyàwó ni. Òun ló ní kí n lọ sí Èkó, kí n wá nǹkan díẹ̀, kí n sì padà. A rò pé kò lè le. Yorùbá ni mí, ilẹ̀ Yorùbá ni mò ń lọ. Lójú mi, ńṣe ni mo kàn ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì nínú ilé bàbá mi.

Ilé Alhájì ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo gba yàrá sí. Àwọn ẹbí Alhájì ló ni ilẹ̀ àdúgbò náà láti ìgbà tó ti jẹ́ oko. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Múrí, ló ń gba owó ilé, òun náà ló sì ń ṣọ́ kànga. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo kí i bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa. Ó yíjú sí àwọn obìnrin tó kù.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa okùn kànga. Níbo nìwọ ti wá, jàre?"

"Kétu ni, mà."

"Kétu tó wà lọ́nà Máìlì Twelve?"

"Rárá mà. Kétu ti Aláketu, lẹ́yìn bọ́dà."

"Ẹ̀yìn bọ́dà!" Ó pàtẹ́wọ́. "Àgànyìn ni! Àgànyìn, ẹ̀wà dà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dànù nínú garawa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọ kéékèèké á máa béèrè ẹ̀wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ọmọ ìyá kan náà ni èmi pẹ̀lú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró sídìí kànga kó máa ṣàlàyé fún ẹbí pé ẹbí ni òun?

Mo ti rò ó púpọ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tó bá lọ sí ilẹ̀ àjèjì, ó ti mọ̀ kó tó débẹ̀ pé àlejò ni òun máa jẹ́. Ilé ẹbí ni èmi lọ ní tèmi, wọ́n sì ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìdánìkanwà tèyí ń dunni lọ́nà tó yàtọ̀. O ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ.

*

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti títẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Akowonjo. Báyọ̀ ló ni ín. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ẹgbẹ́ mi ni, ó ga, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ọmọdé kan ń sùn nítòsí. Ó ti kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní pólì, gbogbo Akowonjo sì ń pè é ní Injínnìà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ní, ó máa ń fi aṣọ bò ó bí ọmọ tuntun.

Ètò ìsìnkú àti ètò ìgbéyàwó ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn Faransé ni mo ti fi kọ́ títẹ̀wé, àwọn lẹ́tà rẹ̀ kò sì jókòó síbi tí tàwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo "a" tí mo tẹ̀ ló di "q". Ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan ni. Báyọ̀ mú ìwé náà, ó wò ó pẹ́.

"Mùsíọ̀," ó ní, orúkọ tó sọ mí nìyẹn, ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, "èdè wo ni màmá yìí fẹ́ fi wọ ọ̀run?"

Ojú tì mí débi pé mo dìde láti máa lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi, ó sì ń gbé ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan sórí lẹ́tà tó yẹ. Kò pẹ́ tí mo fi ń tẹ̀wé láìwo ọwọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, mo ra búrẹ́dì àti àkàrà, àwa méjèèjì jẹ ẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìdí búrẹ́dì ló fẹ́ràn, ibi tó máa ń le díẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, mo máa ń gé e sílẹ̀ fún un.

*

Bí oníbàárà kò bá sí, Báyọ̀ ń kọ géèmù kan sínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má ro ti àwòrán tó ń sáré o. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ lásán ni, lẹ́tà aláwọ̀ ewé lórí ojú dúdú. Kọ̀ǹpútà á sọ ibi tí o wà fún ọ, á bi ọ́ pé kí lo fẹ́ ṣe, ìwọ á tẹ èsì rẹ, òun á sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Ìkẹjà tó ń ta kọ̀ǹpútà fún àwọn olówó, ó sì ń wá eré tó jẹ́ ti Yorùbá. Bí ó bá rà á, Báyọ̀ á ra kọ̀ǹpútà kejì, èmi á máa jókòó sídìí rẹ̀, Àyọ̀ká á sì lè wá bá mi ní Èkó. Bí mo ṣe gba ọ̀rọ̀ géèmù náà sí ti ara mi nìyẹn.

Ìtàn náà kò gùn. Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Akin sọdá odò tí wọ́n ní kó má sọdá. Ó bọ́ sínú omi ní ọkùnrin, ó jáde ní obìnrin. Ó gbọ́dọ̀ gbé ní ìlú tó wà lódìkejì títí odò á fi tún kún, kó tó lè gba ara rẹ̀ padà.

"Ó wọ ìlú," Báyọ̀ ń ṣàlàyé fún mi, "ó rí ọba, ó fẹ́ràn ọba."

"Kíá báyẹn?"

"Obìnrin ṣáà ni báyìí."

"Ara rẹ̀ ló yí padà. Ọkàn rẹ̀ ń kọ́? Ṣebí ó níyàwó tó fi sílé."

"Mùsíọ̀, géèmù ni o. Kì í ṣe ìdánwò yunifásítì."

"Ẹni tó bá ń fi ṣeré á mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ ń yí bí ìgbà tí wọ́n tan iná."

Ó ti kíbọọ̀dù sí mi. "Ó yá, ìwọ tó mọ̀ ọ́n, kọ ọ́."

Mo yọ ọba kúrò. Mo fi atukọ̀ kan sí i, ẹni tó ń gbé àwọn ará ọjà kọjá ọ̀sà. Fún ìgbà pípẹ́ nínú géèmù náà, mi ò jẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Akin á kàn ṣàkíyèsí ohùn ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà á rí i pé òun rántí ohun tó sọ lánàá. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ mìíràn á ti ṣe tán, Akin á sì sọ fún ara rẹ̀ pé oòrùn kò tíì mú, òun lè dúró de ti ọkùnrin náà. Ẹni tó ń fi géèmù náà ṣeré ló máa yàn bóyá òun á dúró tàbí òun á lọ. Kò sẹ́ni tó fipá mú un.

Báyọ̀ ní nínú kọ̀ǹpútà, ohun tí a bá fẹ́ kó rántí, àpótí la máa ń fi í sí. Ó ṣe àpótí kan fún atukọ̀, òmíràn fún ìyàwó tó wà nílé. Ó ṣètò rẹ̀ pé bí ti atukọ̀ bá ń kún, ti ìyàwó á máa fà.

Mo ní, "Má yọ ọ́."

"Kí ni mi ò gbọ́dọ̀ yọ?"

"Ohun tó wà nínú àpótí ìyàwó. Kí ló dé tó fi máa dín?"

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èdè mìíràn. "Tí ọkàn èèyàn bá ti lọ síbòmíràn, ṣé kò ní kúrò níbi tó wà ni?"

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Má ṣáà yọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀. Àpótí ti Àyọ̀ká kún nínú mi nígbà náà bí ó ṣe kún lónìí. Òmíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mi ò ṣí wò. A kò tíì kọ èsì atukọ̀ sínú géèmù náà, nítorí náà bí a bá ń dán an wò, èmi á tẹ ọ̀rọ̀ Akin, Báyọ̀ á tẹ ti atukọ̀. Kíbọọ̀dù kan là ń ti síra wa, èjìká wa ń kanra. Mo máa ń dé ṣọ́ọ̀bù kó tó dé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí iṣẹ́ ni.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa Kétu. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, aṣọ obìnrin ló sì ń wọ̀. Ó máa wé gèlè, á lọ́ ìró, á de ọmọ onígi mọ́ ẹ̀yìn, á fi aṣọ bojú, kó lè fi yẹ́ àwọn ìyá sí. Èmi náà jó o nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Bí ijó bá parí, wàá bọ́ ọ, wàá di ọkùnrin, wàá lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé èwo nínú yín ló jó. A kì í sì í ra gèlè tí a fi ń jó. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé la ti ń yá a, inú wọn á sì dùn pé aṣọ àwọn ló jáde.

Ọ̀sán Sátidé kan, mo fẹ́ kọ ibi tí Akin ti kọ́kọ́ rìn wọ ọjà ní obìnrin. Ọ̀rọ̀ kò wá. Mo rò pé bí mo bá tún wọ aṣọ náà, ẹsẹ̀ mi á rántí. Mo lọ bá Ìyá Múrí níbi tó ti ń fọ abọ́, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ yá gèlè yín kan àti ìró kan. Èyí tí ẹ ti wọ̀ ni mo fẹ́ o, kì í ṣe tuntun."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Èyí tí mo ti wọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó máa ń dára jù bó bá ti mọ ara obìnrin."

Ní Kétu, ọ̀rọ̀ ìyìn nìyẹn. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ìròyìn àwọn tó ń fi aṣọ obìnrin ṣe oògùn owó, ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo sọ.

"Ẹ gbà mí o! Àgànyìn fẹ́ fi mí ṣowó! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jáde o!"

Kí n tó dìde, ọgbà ti kún. Ẹnì kan di ọrùn ẹ̀wù mi mú. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn ń béèrè ibi tí táyà wà. Alhájì jáde pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n dákẹ́.

"Ìwọ, kí lo fẹ́ fi aṣọ ìyàwó mi ṣe?"

Ọ̀nà méjì ló wà, kí n dákẹ́ tàbí kí n sọ òótọ́. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á pa mí. Mo ní, "Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ ni, sà."

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Èmi, sà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kíkùn náà sì burú ju ariwo lọ. Àárín ìyẹn ni Báyọ̀ wọlé. Oníbàárà kan ló ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì wá pè mí. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ tó wà lọ́rùn mi, ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń kùn, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhájì.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ Kétu ni. Àwọn ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Wọ́n máa ń yá aṣọ ni."

Alhájì wo ẹsẹ̀ mi. "Gẹ̀lẹ̀dẹ́," ó ní. "Wọ́n máa ń jó o níhìn-ín nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí ilé tó kún ibí yìí. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé aṣọ fún un. Tó bá jẹ́ irọ́ ló ń pa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa sọ."

Wọ́n ju aṣọ náà sí mi. Mo lọ́ ìró, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wé gèlè, ẹ̀ẹ̀mejì ló tú. Báyọ̀ gbà á. Ìyá rẹ̀ tí apá rẹ̀ kan rọ ló máa ń wé e fún nílé, ó sọ ìyẹn fún mi rí. Ó dúró lẹ́yìn mi lójú gbogbo ènìyàn, ó fà á, ó ṣẹ́ ẹ, ó dè é. Ìka rẹ̀ kan ẹ̀yìn ọrùn mi. Ó sọ sí mi létí pé, "Jó, jọ̀ọ́. Jó dáadáa."

Mo jó. Kò sí ìlù, àwọn ọmọdé ló ń pàtẹ́wọ́. Mo jó bí mi ò ṣe jó rí ní Kétu, nítorí pé ẹ̀mí mi ló wà nídìí ẹ̀. Alhájì ń mi orí. Ìyá Múrí fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Háà! Ó mọ̀ ọ́n o! Àgànyìn yìí mọ ìdí í yí jù mí lọ!" Ọkùnrin tó di ọrùn mi mú lẹ́ẹ̀kan ló wá pariwo pé, "Injínnìà, ìyàwó ẹ dáa o! Mélòó lo san?"

Gbogbo ilé wó sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Báyọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, mo rí i, ó sì rí i pé mo rí i.

Ojú tì mí fún ìró, ojú tì mí fún ijó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó nǹkan. Ohun tó tì mí lójú jù ni pé nígbà tí ọrùn mi wà lẹ́nu ikú, ìka Báyọ̀ lẹ́yìn ọrùn náà ni mò ń rò.

*

Lọ́sẹ̀ náà mo lọ sílé ìpè tẹlifóònù. Àyọ̀ká máa ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kẹ̀ kan tó ní tẹlifóònù ní Kétu, ní ọjọ́ tí a bá fi àdéhùn sí. Àbíjáànì ló dàgbà sí lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, kì í sọ "ẹ" sí mi àfi bó bá ń bínú.

"Ṣé o jẹun?" ó ń pariwo.

"Mo jẹun!"

"Irọ́!"

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín.

"Kí lo tiẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe gan-an?"

Mo wẹ̀yìn. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ní, "Ẹ dá a lóhùn, bọ̀ọ̀dá, àwa náà fẹ́ gbọ́."

"Ìtàn ni! Ìtàn ọkùnrin kan tó di obìnrin!"

"Tó di kí ni?"

"Obìnrin!"

Ìlà náà bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé Àyọ̀ká náà á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ tí mi ò sọ rí," ó ní. "Lọ́dún tí mo ti Àbíjáànì dé, mo rí oníjó kan lọ́jà. Mi ò mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Mo rò pé obìnrin ni. Mo wo bó ṣe ń rìn, n kò lè ṣíjú kúrò. Mo délé, n kò lè jẹun. Ojú tì mí, mo ní irú kí lèyí, pé ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin bíi tèmi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ fún mi pé ìwọ ni. Ṣé o gbọ́? Ìgbà tí o wà nínú gèlè ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ."

"Mo gbọ́!"

"Nígbà tí mo wá mọ̀ pé ọkùnrin ni, kò dín kù. Kò sì pọ̀ sí i. Ìwọ náà ni."

Ó yẹ kí n sọ fún un nígbà náà. Mo wo obìnrin tó pọnmọ, mo wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń tẹ́tí wàyí. Mo ní, "Ó ti fẹ́ gé o!" Kò tíì fẹ́ gé.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ ibi gèlè láìdúró. Mo kọ pé: "Ọwọ́ rẹ kò tíì mọ gèlè í wé. Atukọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ, ó ń wé e fún ọ. Ìka rẹ̀ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ. O rántí ìyàwó rẹ, o sì fẹ́ràn rẹ̀ bíi ti àná. O kò sún kúrò. Kí lo fẹ́ ṣe?"

Báyọ̀ dé, ó jókòó, ó kà á. Mo rí ojú rẹ̀ nínú gíláàsì kọ̀ǹpútà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìlà kékeré tó ń tàn tó ń kú níbi tó yẹ kí èèyàn kọ èsì sí ń dúró. Ti Akin ni èsì yẹn, èmi ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Báyọ̀ fa kíbọọ̀dù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan: "Dúró."

Kò wò mí. Èmi náà kò wò ó. Oníbàárà kan wọlé pẹ̀lú fọ́tò òkú, a sì dìde.

Ẹni tó bá ń retí pé n ó sọ ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa, kò sí. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Ọkùnrin Ìkẹjà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun tó hàn lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi géèmù náà ṣeré pẹ́, ó ń gbádùn ara rẹ̀. Ó dé ibi gèlè. Ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ta ló kọ ìsọkúsọ yìí?"

"Èmi ni," mo ní. Ẹnu yà mí pé ohùn mi jáde.

"Ó yẹ kí n mọ̀. Àgànyìn. Injínnìà, yọ ọlọ́kọ̀ yìí kúrò. Kí odò dá ọkùnrin náà padà, kó fi gbogbo ẹ̀ rẹ́rìn-ín, kó gba ilé ìyàwó ẹ̀ lọ. Mo máa rà á lọ́la."

Mo ro ti kọ̀ǹpútà kejì. Mo ro ti Àyọ̀ká nínú yàrá mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo fẹ́ sọ pé kò burú, a ó yọ ọ́. Báyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́.

"Àwa méjèèjì la kọ ọ́, sà. Kò ṣeé yọ."

Ọkùnrin náà wo òun, ó wo èmi, ó tún wò wá pa pọ̀. Ó mú báàgì rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti ní, "Ẹ ṣọ́ra yín o."

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Báyọ̀ gbé tábìlì sáàárín àga wa. Kò bínú, èmi náà kò bínú. Ìtìjú ló jókòó síbi tí kíbọọ̀dù máa ń wà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù lọ́dọ̀ wa, Àyọ̀ká ní kí n máa bọ̀ nílé, mo sì padà. Báyọ̀ ta kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn náà. Atukọ̀ bá a lọ.

*

Lóṣù tó kọjá ni mo tún rí Ẹ̀gbẹ́dá. Ilé ti bo gbogbo ibi tí mo mọ̀. Ìyá Múrí kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n mo kàn kí i lẹ́ẹ̀kan ni, ó ní, "Àgànyìn! Ẹ̀wà dà?" A di ara wa mú, a sunkún. Òun ló sọ fún mi pé Ìgàndò ni Báyọ̀ ń gbé, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, àti pé ó máa ń béèrè mi.

Mo dé Ìgàndò. Mo ra búrẹ́dì. Mo rìn títí mo fi rí ilé náà. Bàbá kan tó ga jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi awò sójú, ó ń bá ọmọdé kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo dúró lódìkejì ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ọkọ̀ kan wá, kì í ṣe èyí tó yẹ kí n wọ̀. Mo wọ̀ ọ́.

Àyọ̀ká bá búrẹ́dì náà nínú àpò mi ní Kétu. "Ó ti le. Ta lẹ rà á fún?"

Ó sọ "ẹ." Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ètò ìsìnkú tó kún fún "q" títí dé orí ọkọ̀ tí mo wọ̀. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó mú ọ̀bẹ, ó gé ìdí búrẹ́dì náà sọ́tọ̀, kò jẹ ẹ́, kò sì fún mi.

"O ò bá ti sọdá ọ̀nà yẹn," ó ní.

Alhájì ti kú. Ọkùnrin tó di ọrùn mi mú ti kú, ọkọ̀ ló pa á. Mo gbọ́ pé ọkùnrin Ìkẹjà náà ti kú. Ìyá Báyọ̀ tó kọ́ ọ ní gèlè ti kú tipẹ́. Ìyá Múrí ṣì wà, ẹ̀rín rẹ̀ sì wà. Àyọ̀ká wà láàyè, ó ń pè mí wá jẹun bí mo ṣe ń kọ èyí. Báyọ̀ wà láàyè. Èmi náà wà láàyè.